Fífi Fíìmù Adúláwọ̀ Aládàáṣe Han Ará Ìlú ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tó fẹ́ máa fi fíìmù han ará àdúgbò wọn máa ń bi wá jù lọ. A dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbi tí ọ̀rọ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), tí àwọn náà wà ní Benin, bá ti yàtọ̀, a sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ ń pè ní fíìmù adúláwọ̀ aládàáṣe?

Fíìmù tí adúláwọ̀ darí ni, ì báà máa gbé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Amẹ́ríkà, ní erékùṣù Karibíánì tàbí ní Yúróòpù, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá ló ń pàṣẹ bí ìtàn náà yóò ṣe lọ. Ẹni tó ṣe é lè ti gba ìrànwọ́ owó lọ́wọ́ àjọ kan, ó lè ti yáwó, ó lè ti ta ilẹ̀. Ohun tó jẹ wá lógún ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kẹ́yìn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. A kì í fi bí àwòrán ṣe dán tó mọ fíìmù aládàáṣe, nítorí pé fíìmù olówó pọ́ọ́kú pọ̀ nígboro tí ó jẹ́ pé oníṣòwò kan ló dúró lẹ́yìn olùdarí tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un.

Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé e lọ sí àdúgbò? Ṣé kì í ṣe gbọ̀ngàn sinimá ló yẹ fíìmù?

Gbọ̀ngàn yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti di ilé ìtajà tàbí ilé ìjọsìn, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì fẹ́ fi alẹ́ Sátidé ṣòfò lórí fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Oscar Micheaux, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1919, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn onígbọ̀ngàn tó ń gba adúláwọ̀ láàyè dúnàádúrà. Nígbà tí Haile Gerima, ọmọ Etiópíà tó ń gbé ní Washington, parí *Sankofa* ní ọdún 1993, kò rí ilé iṣẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà tí yóò bá a pín in kiri. Ó háyà gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan bá a polongo rẹ̀, wọ́n bá a ta tíkẹ́ẹ̀tì, fíìmù náà sì wà lójú aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láwọn ibi tí wọ́n ti ní kò sí ẹni tí yóò wá wò ó.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn òṣèré alárìnjó, irú Hubert Ogunde àti Adé Love, bá fíìmù wọn rìn láti ìlú dé ìlú ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, bí wọ́n ti ń bá eré orí ìtàgé wọn rìn tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí fíìmù kúrò lójú wọn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa yìí, ẹgbẹ́ Cinéma Numérique Ambulant, tí a mọ̀ sí CNA, ti ń gbé aṣọ, ẹ̀rọ àti fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà wọ abúlé láti ọdún 2001.

Ṣé Àjàṣẹ́ ní ohun tirẹ̀ nínú ìtàn sinimá adúláwọ̀?

Ó ní i, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti bí Paulin Soumanou Vieyra ní ọdún 1925. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ní ilé ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris, òun sì ni adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gboyè jáde níbẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wá ya àwòrán nílé, òfin ìjọba amúnisìn Faransé ti ọdún 1934, tí wọ́n ń pè ní òfin Laval, ló dí wọn lọ́nà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé láìgba àṣẹ gómìnà, wọn kò sì fún wọn láṣẹ. Wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wọn jáde sí òpópónà Paris, wọ́n ya ìgbésí ayé àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀. *Afrique-sur-Seine* ti ọdún 1955 ni iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, Vieyra lọ ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ó bá Ousmane Sembène, olùdarí fíìmù ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ṣètò púpọ̀ nínú àwọn fíìmù rẹ̀, ó sì kọ ìwé ìtàn sinimá ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lò.

Ní tiwa, alẹ́ àkọ́kọ́ ní àdúgbò èyíkéyìí ní Àjàṣẹ́ yẹ kó ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí a ó fi dárúkọ ọkùnrin yìí. Ọmọ tó bá gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bí sí ìlú òun wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí yóò fi ojú mìíràn wo aṣọ funfun tó wà níwájú rẹ̀.

Irú fíìmù wo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe fi èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti wo fíìmù púpọ̀, wọ́n á sì mú fíìmù gígùn tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú wá fún àwọn tó ti ọjà Ouando bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó rẹ̀ wọ́n. Fíìmù tí kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ ló dára, kí ìtàn rẹ̀ sì tètè gbéra. *Abẹ̀ní* tí Tunde Kelani ṣe ní ọdún 2006 bá Àjàṣẹ́ mu gan-an, nítorí pé òun àti àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n jọ ṣe é, ìtàn rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láàárín ìhà méjèèjì ẹnubodè, a sì ń gbọ́ Yorùbá àti Faransé nínú rẹ̀. *Dahomey* ti Mati Diop, tó gba Béárì Oníwúrà, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin, ní ọdún 2024, kò ju ìṣẹ́jú 68 lọ, ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìní 26 tí Faransé kó lọ ní ààfin Abomey nígbà ogun, tó sì dá padà fún wa ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ló sì dá lé. Ilé iṣẹ́ ló ń pín in, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí fíìmù kékeré kan, tí ọ̀dọ́ àdúgbò tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ṣáájú fíìmù ńlá. Ìyá ẹni tó ṣe é yóò wá, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wá, wọn yóò sì jókòó wo èyí tó kù.

Ọwọ́ ta ni a ti ń gba àṣẹ?

Ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù náà ni, kì í sì í ṣe olùdarí rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ ẹni tó kó owó sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pín in kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùdarí, ẹ bi í léèrè ẹni tó ni ìpinnu. Ìwé tí ẹ ó kọ sí i kò gbọdọ̀ gùn: orúkọ àdúgbò, ọjọ́ àti aago, iye ènìyàn tí ẹ ń retí, bóyá ẹnu ọ̀nà máa jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí olówó, irú ẹ̀dà fíìmù tí ẹ ń bèèrè, àti bóyá ògbufọ̀ yóò máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní oṣù méjì ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládàáṣe kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àdúgbò tó ń fi fíìmù hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn á dá iye kan, àwọn mìíràn á sì ní kí a jọ pín owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tí ẹ bá jọ sọ, kí ó wà lákọsílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp.

Nílé níbí, BUBEDRA tó wà ní Kútọnù ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà, òfin tó sì dé ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ọdún 2006. Ẹ rántí pé orin tí ẹ ń fi sípíkà gbé jáde kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ ní olówó tirẹ̀ náà.

Mo ń sanwó Netflix lóṣooṣù. Ṣé n kò lè fi ìyẹn han àdúgbò?

Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ ń san jẹ́ ti ilé yín. Díìsìkì tí ẹ rà lọ́jà náà kò fún yín láṣẹ à ń pe ìlú wá wò ó, ká má tiẹ̀ sọ ti èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lẹ́bàá ọ̀nà, tí kódà ẹni tó ń tà á kò ní àṣẹ rẹ̀.

Olùdarí gbà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fọwọ́ sí ìwé. Kí ló lè fa èyí?

Orin ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó fi orin olórin sínú fíìmù nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí kò lówó láti san ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò lè fi fíìmù náà ṣòwò ní gbangba títí yóò fi san án. Charles Burnett, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, parí *Killer of Sheep* ní ọdún 1977 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì ní Los Angeles. Àwọn orin dáadáa tó kó sínú rẹ̀ ló mú kó jẹ́ pé ọdún 2007 ni fíìmù náà tó lè jáde sí gbọ̀ngàn sinimá, lẹ́yìn tí wọ́n ti san ẹ̀tọ́ àwọn olórin. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyẹn. Nítorí náà, bí olùdarí bá ṣe iyèméjì, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rọ̀ ọ́ títí yóò fi ṣe ohun tí yóò kó o sí ìjàngbọ̀n. Ẹ béèrè bóyá ó ní iṣẹ́ mìíràn tí kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ta ni a ní láti sọ fún nínú ìlú?

Olórí àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó kọ ìwé sí mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, bí ó bá jẹ́ gbangba ìta ni, kí ẹ sì fi tó àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí létí. Ìwé mairie kò rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ibi tí sípíkà wà kò bá gbọ́ ohunkóhun tẹ́lẹ̀, ìwé kò ní pa á lẹ́nu mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹjọ́ rẹ̀ ni yóò sì jàre.

Irú ibi àti irú ẹ̀rọ wo la nílò?

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ ló dára jù: ọgbà ilé ìwé, ojúde, agboolé ńlá. Kí ó ní ògiri ní ẹ̀yìn aṣọ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí afẹ́fẹ́. Kí ó má sì sí iná òpópónà tó kọjú sí i. Aṣọ funfun tó nípọn, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tí a nà dáadáa, tó fún àdúgbò kan, ẹni tó jókòó kẹ́yìn kò sì yẹ kó jìnnà sí i ju nǹkan bí mítà 18 lọ. Ẹ̀rọ pírójẹ́kítọ̀ tí agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó lumen 3000 yóò dójú tì yín níta gbangba. Jẹnẹrétọ̀ kékeré oní kilowáàtì méjì tó gbé gbogbo rẹ̀, àní bí iná SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná ilẹ̀ wa, bá wà pàápàá, kí ó wà ní ìmúrasílẹ̀, kí ó jìnnà, kí ògiri kan sì wà láàárín òun àti àwọn òǹwòran. Ẹ ra epo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníkpayo, ẹni tó ń ta epo inú ìgò, tó wà ní igun ọ̀nà kì í dúró dè yín.

Bí owó bá kéré, orí ohùn ni kí ẹ ná an sí ju orí àwòrán lọ. Ará àdúgbò á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ìdajì agbo á ti dìde kí ìtàn tó dé àárín.

Faransé, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wolof ni fíìmù náà. Báwo ni àwọn àgbà yóò ṣe gbọ́ ọ?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa, òun sì ni àwọn tó ń ṣètò kì í rò títí tí iṣẹ́ á fi ku ọ̀la. Àjàṣẹ́ kì í ṣe ìlú elédè kan. Nínú agbo kan náà, ẹ ó rí ẹni tó ń sọ Ègùn nílé, ẹni tó ń sọ Yorùbá, ọmọ ilé ìwé tó ń ka Faransé, àti ìyá oníṣòwò tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í sì í ka ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán kò ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀ láǹfààní kankan. Sembène mọ èyí dáadáa: òǹkọ̀wé tó ń fi Faransé kọ̀wé ni kó tó yíjú sí sinimá, torí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò kàwé, ó sì fi Wolof, èdè ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ṣe *Mandabi* ní ọdún 1968.

Ògbufọ̀ ni ẹ nílò, ẹni tó máa di gbohùngbohùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń lọ. Ní Uganda, iṣẹ́ yìí ti di ohun tí àwọn kan fi ń jẹun: VJ ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ń túmọ̀ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè sí Luganda nínú ilé fídíò, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ lé VJ tí wọ́n bá fẹ́ràn. Ó wù wá kí ẹ kọ́ ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àwàdà wọn sílẹ̀, nítorí VJ máa ń fi ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ kún ìtàn, fíìmù aládàáṣe kò sì gba kí ẹlòmíràn tún un sọ.

Ògbufọ̀ tó dára yóò ti wo fíìmù náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í túmọ̀ gbogbo gbólóhùn. Níbi tí ojú òṣèré bá ti sọ ọ́ tán, á dákẹ́. Níbi tí orin bá wà, á dákẹ́, bí orin náà kò bá gbé ìtàn. Kì í sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, kì í sì í wàásù. Ní ti Ègùn àti Yorùbá, ẹ má ṣe gbìyànjú láti túmọ̀ sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ni yóò dà. Ẹ fi ọ̀kan túmọ̀ bí ó ti ń lọ, kí ẹ sì fi èkejì ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kí iná tó kú, tàbí kí ẹ yí èdè padà ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kí olùdarí fíìmù mọ̀ ṣáájú pé ẹ ó túmọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ inú fíìmù wọn ni wọ́n kà sí ọ̀rọ̀.

Oṣù wo àti aago mélòó ló dára?

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ìta gbangba dára jù, nítorí òjò. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu ojú ẹ̀rọ, torí eruku. Oòrùn wa máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:25 àti 7:10, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n yóò fi kírun ìṣáì tán. Aago 8:30 bá gbogbo ènìyàn lára mu. Ẹ má fi ọjọ́ sí inú oṣù Ràmádánì. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Zángbétọ̀ (eégún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru) àti Orò ní àdúgbò kí ẹ tó lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ògiri, nítorí alẹ́ kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ pe obìnrin àti àlejò jáde sí ìta.

Ṣé kí a gba owó ẹnu ọ̀nà?

A kò fara mọ́ ọn fún àwọn alẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ẹ gbé igbá kalẹ̀ ní ìparí, kí ẹ sọ ní gbangba pé ìdá kan pàtó jẹ́ ti ẹni tó ṣe fíìmù, kí ẹ sì ka owó náà lójú agbo. Àwọn tó ń ta àkàrà, omi inú ọ̀rá àti ẹ̀pà lè san owó kékeré fún àyè, ṣùgbọ́n ẹ kó wọn lọ sí ẹ̀yìn agbo nítorí ìró ọ̀rá. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí ó má jẹ́ èyí tí yóò ní kí ẹ dá fíìmù dúró láàárín láti polówó ọṣẹ.

Báwo ni a ṣe ń darí ìjíròrò lẹ́yìn fíìmù?

Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ̀kọ́ tí ẹ rí kọ́?” Ìbéèrè olùkọ́ ni, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ó sì gbà. Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú fíìmù, kí ẹ béèrè bóyá ohun tí ẹni náà ṣe tọ́. Bí ó bá jẹ́ *Dahomey* ni ẹ fi hàn, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Abomey-Calavi ń bá ara wọn jiyàn nínú fíìmù náà lórí ohun tí ìdápadà yẹn tó àti ohun tí kò tó. Ẹ kàn jẹ́ kí agbo máa bá iyàn náà lọ. Àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti bá ọ̀dọ́bìnrin kan tàbí méjì sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó pè wọ́n, torí bí ẹ kò bá pè wọ́n, wọn kò ní na ọwọ́. Ìṣẹ́jú ogójì tó. Àwọn ọmọdé ti gbọ́dọ̀ lọ sílé nígbà yẹn.

Bí fíìmù bá fi ohun awo tàbí ẹ̀sìn hàn ńkọ́?

Ẹ fi han àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó fi han ìlú. Àjàṣẹ́ ní mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti àwọn tó ń bọ òrìṣà nínú agboolé kan náà, wọ́n sì ti ń bá ara wọn gbé pẹ́. Bí àgbà awo bá ní kí ẹ má fi apá kan hàn, ẹ má gé fíìmù olóhun fúnra yín. Ẹ mú fíìmù mìíràn.

Kí ló yàtọ̀ ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Ọ̀rọ̀ èdè rọrùn jù níbẹ̀, torí pé ògbufọ̀ kan tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ti tó, bí kò bá ti máa sọ Yorùbá inú ìwé fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló le jù, nítorí ọ̀nà jìn bí nǹkan bá bàjẹ́; ẹ mú wáyà àti gílóòbù ẹ̀rọ kejì dání. Ní Kétu, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti mọ́ àwọn ènìyàn lára, wọ́n mọ bí a ti ń jókòó síta dòru tí a ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí náà wọn kì í tijú láti dá sí ìjíròrò. Ẹ má ṣe fi alẹ́ yín kọlu tiwọn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ṣírò ọjọ́ yín mọ́ iṣẹ́ oko, torí àkókò ìkórè kò fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni ó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni fíìmù lẹ́yìn tí a bá ṣe tán?

Owó tirẹ̀ ni àkọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé tó fi iye tó wọlé hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye àwọn tó wá, bí ẹ ti kà á, kì í ṣe bí ẹ ti rò ó. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dìde, àti ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n bèèrè tí ẹ kò lè dáhùn. Àwọn àjọ tó ń fún aládàáṣe lówó máa ń bi í léèrè àwọn tó ti wo iṣẹ́ rẹ̀, ìwé yín sì wà lára ohun tí yóò fi dá wọn lóhùn. Ẹ fi àwòrán agbo kún un bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá gbà. Kí ẹ pa ẹ̀dà fíìmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín rẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti pa á rẹ́.